Bí a ṣe lè dín iná tí ilé ìjọba ń jẹ kù: láti orí mítà dé orí òrùlé

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún ní iná ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, fò láti nǹkan bí ₦68 lórí yúnìtì kan sí ₦225. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, ó ti rọ̀ díẹ̀ sí nǹkan bí ₦209. Ọ̀pọ̀ sẹkitéríàtì, ilé ẹjọ́ àti ilé ìwòsàn ìjọba ló wà lórí irú ìlà yìí. Owó tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún iná nínú ètò ìṣúná kò yí padà, ṣùgbọ́n yúnìtì tí owó náà lè rà ti wálẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́ta.

Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀gá ni pé, "Ẹ jẹ́ ká lọ ra sólà." Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá iná ilé ìjọba ṣiṣẹ́, ohun tí mo sì fẹ́ bẹ ẹ̀yin tó wà ní ẹ̀ka iṣẹ́, ẹ̀yin akọ̀wé àgbà àti ẹ̀yin alábòójútó ilé ni pé kí sólà kẹ́yìn. Ilé tó ń fi iná ṣòfò, ajere ni. Bó ti wù kí ẹ bu omi sí i tó, ihò ìdí rẹ̀ ni yóò gbà jáde. Ẹ kọ́kọ́ dí ihò. Ẹ ó rí i pé sólà tí ilé náà nílò gan-an kéré púpọ̀ sí èyí tí oníṣòwò bá yín dúnàádúrà lé lórí.

Irú ilé tí mo ní lọ́kàn ni ilé alájà kan sí mẹ́ta, irú èyí tó kún Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Àkúrẹ́, Òṣogbo, Adó-Èkìtì àti Ìkẹjà, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ̀ láàárọ̀ tí wọ́n sì ń jáde nírọ̀lẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ka mítà kí ẹ tó ra ohunkóhun

Ìwé kékeré kan àti bírò ti tó. Ẹ yan ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kó máa ka mítà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́: ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ sílé, àti ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀ kí wọ́n tó dé. Kó kà á lọ́jọ́ Sátidé àti lọ́jọ́ Àìkú pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ mítà tí à ń sanwó sí sílẹ̀ ni, kó máa kọ iye yúnìtì tó kù, kó sì kọ iye tí wọ́n bá fi kún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà da ìṣirò rú.

Àkọsílẹ̀ òru yẹn ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Lọ́sàn-án, gbogbo ẹ̀ka ló ní àwíjàre: iṣẹ́ pọ̀, àlejò wà, ooru mú. Lóru, kò sẹ́nì kankan nílé. Yúnìtì tó bá lọ lóru gbọ́dọ̀ ní ibi tó lọ, ẹ ó sì wá ibẹ̀ kàn.

Ní ilé alájà méjì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ohun tó lé ní 40 yúnìtì ló ń lọ lóru kọ̀ọ̀kan, tó sì jẹ́ pé bàbá mẹ́gáàdì nìkan ló ń sùn níbẹ̀. A rí ìdí kan kíá: ẹ̀rọ amúlétutù inú ọ́fíìsì ọ̀gá kan tó ti tilẹ̀kùn, tó sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò lè jẹ 40. Bàbá mẹ́gáàdì ló fi ìdí kejì hàn mí. Ó ní, "Ẹnjiníà, ṣé ẹ̀yin ò gbọ́ ohùn omi yẹn ni? Gbogbo òru ló ń dà láti orí táǹkì." Bọ́ọ̀lù inú táǹkì, tó yẹ kó dá ẹ̀rọ dúró bí omi bá kún, ti bà jẹ́. Ẹ̀rọ ń fa omi láti inú kànga, omi ń gba etí táǹkì ṣàn padà sílẹ̀, àárọ̀ ni wọ́n sì tó máa ń pa á. Owó tí a fi tún un ṣe kò tó owó dísù ọjọ́ kan. Láti ìgbà náà, ẹni tí mo máa ń kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ní ilé yòówù tí mo bá wọ̀ ni ẹni tó ń sùn síbẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ náà gbọ́dọ̀ ní ìwé tirẹ̀: aago tí wọ́n tàn án, aago tí wọ́n pa á, lítà dísù tó wọ inú rẹ̀. Lítà kan máa ń mú nǹkan bí yúnìtì mẹ́ta jáde bí jẹnẹrétọ̀ bá gbé ẹrù tó tó o. Nígbà tí lítà dísù ti kọjá ₦1,000, bó ti rí lọ́dún 2024, yúnìtì kan láti ara jẹnẹrétọ̀ ti lé ní ₦330, a ò sì tíì ka ọ́ìlì, fílítà àti owó mẹkáníìkì.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yí ilé ká, kí ẹ ka ohun gbogbo tó ń jẹ iná

Ẹ gba gbogbo kọ́kọ́rọ́, pẹ̀lú ti yàrá tí wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye ẹ̀rọ amúlétutù àti bó ṣe tóbi tó, iye fáànù, iye gílóòbù, kọ̀ǹpútà, fíríìjì, kẹ́tù. Ẹ kọ apá ibi tí fèrèsé kọjú sí, bóyá ìlà oòrùn ni tàbí ìwọ̀ oòrùn. Ẹ bi àwọn tó ń jókòó síbẹ̀ léèrè iye wákàtí tí wọ́n ń lo nǹkan kọ̀ọ̀kan. Wáàtì tí nǹkan ń jẹ wà lára rẹ̀, lẹ́yìn tàbí lábẹ́. Ẹ fi iye rẹ̀ sọ wáàtì yẹn di púpọ̀, kí ẹ fi wákàtí sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ pín in sí ọ̀nà 1,000. Yúnìtì nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé àpẹẹrẹ kan ṣe é. Iṣẹ́ wákàtí 8 lójúmọ́, ọjọ́ 22 lóṣù:

- Ẹ̀rọ amúlétutù 1.5 HP 30, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ nǹkan bí wáàtì 1,100, tí mọ́tò rẹ̀ ń yí fún wákàtí 6 nínú 8: yúnìtì 4,356.
- Gílóòbù gígùn 160, irú ti àtijọ́ tó ń jẹ wáàtì 45 pẹ̀lú irin inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní choke: yúnìtì 1,267.
- Fáànù òkè 60, wáàtì 70 lọ́kọ̀ọ̀kan: yúnìtì 739.
- Fíríìjì 12 tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, yúnìtì kan ààbọ̀ lójúmọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: 540.
- Kọ̀ǹpútà 40, wáàtì 100, wákàtí 6: 528.
- Kẹ́tù 8, wáàtì 2,000, ìdajì wákàtí: 176.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 7,606. Ní ₦209, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦1,590,000 lóṣù. Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́: ó ju ìdajì gbogbo rẹ̀ lọ. Kẹ́tù tí wọ́n sábà máa ń fi lẹ́tà kìlọ̀ fún àwọn akọ̀wé lé lórí, òun ló kéré jù. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gba kẹ́tù lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkówèésí, tí ẹ̀rọ amúlétutù méjì sì ń ṣiṣẹ́ nínú gbọ̀ngàn ìpàdé tí ẹnì kan kò jókòó sí. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ kà á nìyẹn. Ẹni tí kò bá kà á, ibi tí kò yẹ ni yóò ti máa bá àwọn èèyàn jà.

Bí àpapọ̀ yín bá jìnnà sí ohun tí mítà sọ, ó ní ohun tí ẹ kò rí. Ó lè jẹ́ wáyà tí ẹlòmíràn so mọ́ tiyín. Ẹ jẹ́ kí ẹ́lẹ́tíríṣàn fi ẹ̀rọ ìwọ̀nná tí wọ́n ń fi há wáyà yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wò láti orí bọ́ọ̀dù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Òru àti òpin ọ̀sẹ̀

Iṣẹ́ tí kò gbówó lórí ni èyí, nítorí náà òun ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ yan ẹnì kan fún àjà kọ̀ọ̀kan tí yóò máa pa iná ní ìrọ̀lẹ́, kí orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri lẹ́bàá bọ́ọ̀dù. Bí a bá sọ pé gbogbo ènìyàn ni kó máa pa á, kò sẹ́ni tó máa pa á. Kí ẹni náà ní àṣẹ lórí yàrá ọ̀gá pẹ̀lú, kí àṣẹ yẹn sì wà lórí ìwé tí ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ buwọ́ lù. Láìsí ìbuwọ́lùwé yẹn, òjíṣẹ́ kékeré kan kò ní láyà láti wọ ọ́fíìsì ọ̀gá lọ pa nǹkan kan.

Ẹ ní kí ẹ́lẹ́tíríṣàn ya ìlà ẹ̀rọ amúlétutù sọ́tọ̀ kúrò lára ìlà tó kù lórí bọ́ọ̀dù, kó fi swíìṣì alágogo sí i tí yóò máa gé e fúnra rẹ̀ ní aago márùn-ún. Ẹni tó bá ṣì ní iṣẹ́ lọ́wọ́ á tún un tàn. Iná ìta ilé náà, swíìṣì tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ mọ̀gbà ló yẹ kó máa tàn án kó sì máa pa á.

Ẹ ṣọ́ra níbì kan. Fíríìjì tí abẹ́rẹ́ àjẹsára wà nínú rẹ̀, ti ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn, yàrá tí kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wà: ìlà tiwọn gbọ́dọ̀ dá wà, kí ẹ fi ọ̀dà pupa sàmì sí i, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án nírọ̀lẹ́. Yúnìtì tí a bá jèrè lórí àjẹsára tó bà jẹ́ kì í ṣe èrè.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ bá oòrùn ṣe àdéhùn

Àwọn bàbá wa kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n sì gbé inú ooru yìí. Ògiri alámọ̀ tó nípọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí òrùlé rẹ̀ nà síta, àgbàlá àárín agbo ilé tí atẹ́gùn ń gbà wọlé: gbogbo rẹ̀ ló ní ìdí. Nígbà tí Maxwell Fry àti Jane Drew ya àwòrán ilé fún yunifásítì Ìbàdàn ní ìparí àwọn ọdún 1940, wọ́n fi ilé tóóró ṣe é kí atẹ́gùn lè wọ ẹ̀gbẹ́ kan kó sì jáde ní èkejì, wọ́n sì fi búlọ́ọ̀kù oníhò bo ojú ilé tí oòrùn ń pa. Ẹ lọ dúró sí báńkónì ilé ìkàwé Kenneth Dike lọ́sàn-án gangan, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ. Ní yunifásítì Ifẹ̀, Arieh Sharon, ayàwòrán ilé láti Israel, ya àwòrán ilé ẹ̀kọ́ tí àjà òkè rẹ̀ yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, bíi pírámíìdì tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, débi pé àjà kọ̀ọ̀kan ń ṣíji bo èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ sẹkitéríàtì wa àtijọ́ ní irú ọgbọ́n yìí lára. Àtúnṣe ló ba tibẹ̀ jẹ́. Wọ́n fi búlọ́ọ̀kù dí báńkónì kó lè di ọ́fíìsì. Wọ́n yọ fèrèsé onílúfà, wọ́n fi èyí tí à ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan rọ́pò rẹ̀, ìdajì rẹ̀ nìkan ló sì ń ṣí. Yàrá tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí tẹ́lẹ̀ wá di ibi tí kò ṣeé jókòó sí láìsí ẹ̀rọ amúlétutù. Inú mi kì í dùn bí mo bá rí irú rẹ̀, nítorí owó ìlú ni wọ́n ná láti mú kí ilé ìlú máa jẹ iná sí i. Bí wọ́n bá fẹ́ tún ilé yín ṣe, ẹ bẹ̀ wọ́n kí báńkónì ṣí sílẹ̀.

Èyí tó bá ti bà jẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe láti ìwọ̀ oòrùn. Oòrùn aago méjì sí márùn-ún ọ̀sán ló ń wọ fèrèsé ibẹ̀ tààrà, nígbà tí ilé ti gbóná tẹ́lẹ̀. Ìta ni kí ẹ ti dí i. Kọ́tìnnì inú ilé kò lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, torí bí oòrùn bá ti la gíláàsì kọjá, ooru rẹ̀ ti di ara ilé. Ìbòjú pákó, ti páànù, ti kọnkéré tó yọ síta, búlọ́ọ̀kù oníhò, kódà igi: gbogbo rẹ̀ sàn ju kọ́tìnnì lọ. Bí ẹ bá fẹ́ gbin igi, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ilé kí gbòǹgbò má ba ìpìlẹ̀ jẹ́, kí ewé má sì dí ọ̀nà omi òrùlé.

Òrùlé ló tẹ̀lé e. Lábẹ́ páànù tó ti dúdú, àjà òkè pátápátá máa ń gbóná débi pé ẹ̀rọ amúlétutù kò ní sinmi. Ọ̀dà funfun tí wọ́n ṣe fún òrùlé lè dá nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún oòrùn tó bà lé e padà nígbà tó ṣì tuntun. Eruku ọyẹ́ máa ń dín agbára rẹ̀ kù, nítorí náà kí ẹ fọ̀ ọ́ tí ọyẹ́ bá ti lọ. Ẹ fi ihò atẹ́gùn sílẹ̀ lábẹ́ etí òrùlé, kí ẹ fi àwọ̀n dí i kí àdán má baà wọlé, kí ẹ sì tẹ́ ohun tó ń dá ooru dúró sórí síìlì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ̀rọ amúlétutù

Ibí ni owó wà, ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ pinnu yàrá tó nílò rẹ̀ àti èyí tí kò nílò rẹ̀. Yàrá onílúfà tó ní atẹ́gùn, fáànù ni tirẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ amúlétutù sí yàrá onílúfà, bó ti wù kí ẹ ti lúfà náà pa tó, òtútù yóò máa gba àlàfo rẹ̀ sá jáde láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ yan ọ̀kan nínú méjèèjì: kí ẹ ṣí yàrá sílẹ̀ fún atẹ́gùn, tàbí kí ẹ dí i dáadáa kí ẹ tó mú un tutù. Rọ́bà etí ilẹ̀kùn àti ìdè tó ń ti ilẹ̀kùn padà fúnra rẹ̀ kò wọ́n, wọ́n sì máa ń dáwó wọn padà kíá.

Lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ńbà tó wà lórí rimóòtù. Ní India, láti oṣù kìíní ọdún 2020, ìjọba ti pàṣẹ pé dígíríì 24 ni kí ẹ̀rọ amúlétutù tuntun máa fi bẹ̀rẹ̀ bí a bá tàn án. Àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀ sọ pé gbogbo dígíríì kan tí a bá fi gbé e sókè ń dín nǹkan bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún iná tó ń jẹ kù. Nínú ọ́fíìsì wa, 16 àti 18 ni mo máa ń bá lórí rimóòtù. Àwọn kan gbà pé yàrá á tètè tutù bí wọ́n bá fi sí 16. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa: bákan náà ni yóò ṣe máa tutù bọ̀, yóò kàn máa ṣiṣẹ́ kọjá ibi tó yẹ kó dúró ni. Ẹ fi sí 24, kí ẹ tan fáànù pẹ̀lú rẹ̀. Fáànù wáàtì 70 máa ń mú kí ara rò pé yàrá tutù ju bó ṣe rí lọ.

Aṣọ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 2005, ìjọba Japan bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Cool Biz: kí ọ́fíìsì wà ní 28 nígbà ooru, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì bọ́ kóòtù àti táì. Àwa tí a ní àdìrẹ Ìtòkú, tí a ní bùbá àti ṣòkòtò tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, kí ló dé tí a ó fi wọ kóòtù onírun lóṣù kẹta, kí a wá máa fi owó ìlú ra òtútù tí kóòtù náà nílò? Ìwé kan láti ọ̀dọ̀ olórí àwọn òṣìṣẹ́ ti tó láti yí i padà, kò sì ní ná ìjọba ní kọ́bọ̀.

Ẹ fọ fílítà inú rẹ̀ lóṣooṣù, lọ́sẹ̀ méjì méjì nígbà ọyẹ́. Omi lásán ni, ẹnikẹ́ni lè ṣe é. Ẹ lọ wo apá ìta rẹ̀: bó bá wà nínú báńkónì tí wọ́n ti dí, ooru tó ń tú jáde ni yóò tún máa fà wọlé. Ó nílò àyè, ó sì nílò ìbòjì. Bí gáàsì bá ń tán lọ́dọọdún, ó ń jò ni; kí wọ́n wá ibi tó ti ń jò dípò kí wọ́n máa fi tuntun kún un.

Tí ọ̀kan bá kú, ẹ fi oní-inverter rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe ìnfátà sólà ni mò ń sọ o, orúkọ ló pa wọ́n pọ̀. Èyí jẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù tí mọ́tò rẹ̀ lè rọra yí nígbà tí yàrá bá ti tutù, dípò kó máa kú kó máa tàn. Ó lè dín iná kù ní ìdá 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ má ra èyí tó ń lo gáàsì R22 mọ́. Gáàsì náà wà lára àwọn tí àgbáyé ń mú kúrò nílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn Montreal tó wà láti dáàbò bo ìpele ozone lókè ọ̀run, yóò sì máa ṣọ̀wọ́n sí i. Ẹ má sì ra èyí tó tóbi ju yàrá lọ. Ọ́fíìsì ẹlẹ́ni kan kò nílò 2 HP nítorí pé ọ̀gá ló ń jókòó síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Gílóòbù

Èyí yá. Gílóòbù gígùn LED tó ń jẹ wáàtì 18 ń ṣe iṣẹ́ èyí tó ń jẹ 45. Nínú ilé àpẹẹrẹ wa, 1,267 yúnìtì di 507, ìyẹn nǹkan bí ₦159,000 lóṣù. Kí ẹ́lẹ́tíríṣàn yọ irin àti sítátà àtijọ́ kúrò pátápátá, torí irin yẹn lè máa jẹ iná lọ bí ó bá wà níbẹ̀. Ẹ ra mẹ́wàá péré lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ lò ó fún oṣù kan kí ẹ tó ra 160. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Ẹ ya swíìṣì ìlà gílóòbù ẹ̀bá fèrèsé sọ́tọ̀ kí wọ́n lè máa pa á lọ́sàn-án. Gílóòbù àtijọ́ ní mẹ́kúrì nínú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ́ ọ sórí ààtàn.

Ìgbésẹ̀ keje: Jẹnẹrétọ̀ tó bá ẹrù mu

Jẹnẹrétọ̀ ńlá 100 kVA tó ń gbé kílówáàtì 10 péré (wáàtì 10,000) dà bí bọ́ọ̀sì ńlá tó gbé èrò méjì. Dísù tó ń jẹ fún yúnìtì kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, èédú á sì máa dì sínú rẹ̀ torí ẹ́ńjìnnì kì í gbóná tó. Bí ẹ bá ti ṣe àwọn ìgbésẹ̀ òkè yìí tán, ẹrù ilé á ti fúyẹ́. Ẹ wọn ẹrù náà, kí ẹ fi kékeré kan ṣe èyí tí ẹ ó máa lò lójoojúmọ́, kí ńlá wà fún ọjọ́ ìpàdé. Bí ilé ìjọba méjì bá wà nínú ọgbà kan tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, ẹ so wọ́n pọ̀ mọ́ ọ̀kan. Iṣẹ́ yìí nílò ẹnjiníà gidi. Ẹ má fi ṣeré.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ó wá kan sólà

Ẹ padà sí ilé àpẹẹrẹ wa. Ká ní ẹ̀rọ amúlétutù ti di 18 oní-inverter tó ń jẹ wáàtì 600 ní ìpíndọ́gba jálẹ̀ wákàtí 8, gílóòbù ti di LED, fíríìjì 12 ti di 4 tí wọ́n jọ ń lò. Oṣù kan ti wálẹ̀ láti 7,606 sí nǹkan bí 4,031. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ju ₦740,000 lọ lóṣù kan.

Ohun tí ọjọ́ iṣẹ́ kan ń jẹ ti kúrò ní nǹkan bí yúnìtì 339, ó ti di 181. Ní apá ibi tiwa, kílówáàtì sólà kan lè mú nǹkan bí yúnìtì 4 wá lójúmọ́ bí oòrùn bá ràn dáadáa, kò sì ní tó bẹ́ẹ̀ nínú òjò oṣù keje. Ẹ pín in: sólà tí ẹ ò bá rà tẹ́lẹ̀ jẹ́ kílówáàtì 85. Èyí tí ẹ nílò báyìí jẹ́ 45.

Ilé ìjọba tún ní oore kan tí ilé gbígbé kò ní. Ọ̀sán ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán náà sì ni oòrùn ń ràn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta bátìrì òru fún yín. Bátìrì tó lè gbé kọ̀ǹpútà, gílóòbù àti fáànù nígbà tí kùrukùrù bá bo oòrùn ti tó. Lọ́jọ́ Sátidé àti Àìkú, ẹ jẹ́ kí sólà máa fa omi kún táǹkì.

Ẹ wo òrùlé bóyá ó lágbára tó, kí ẹ kun ọ̀dà funfun kí wọ́n tó gbé sólà lé e. Kí ẹ kọ owó fífọ àti àtúnṣe rẹ̀ sínú ètò ìṣúná lọ́dọọdún. Sólà ilé ìjọba tí mo ti rí tó kú, kì í ṣe oòrùn ló tán. Eruku bo òkè rẹ̀, bátìrì gbẹ, kò sì sí owó kankan tó ń jẹ́ ti ìtọ́jú rẹ̀ nínú ìwé.

Ìwé tó máa jẹ́ kí ó ṣeé ṣe

Òfin ìrajà ìjọba ti ọdún 2007 fẹ́ kí a ra ohun tó yẹ lówó tó yẹ, ṣùgbọ́n bí ìwé tí ẹ kọ fún àwọn agbaṣẹ́ṣe bá kàn sọ pé "ẹ̀rọ amúlétutù 1.5 HP", èyí tó rẹlẹ̀ jù lọ́jà ni wọn yóò gbé wá, wọn kò sì rú òfin kankan. Ẹ kọ irú rẹ̀ síbẹ̀: kó jẹ́ oní-inverter, iye wáàtì tí kò gbọdọ̀ kọjá, ọdún tí wọ́n fi ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Kí ẹ sì ní kí wọ́n ṣírò iye tí iná rẹ̀ máa jẹ́ fún ọdún márùn-ún pọ̀ mọ́ iye rẹ̀ lọ́jà. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ilé tuntun, ẹ béèrè fún ìwé ìlànà tó ń jẹ́ Building Energy Efficiency Code tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde lọ́dún 2017. Ó sọ̀rọ̀ lórí fèrèsé, òrùlé, iná àti ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ sì lè fi í lélẹ̀ níwájú ẹni tó ń ya àwòrán ilé kó tó fa ìlà àkọ́kọ́.

Owó tí ẹ bá jèrè, ẹ kọ ìwé kí apá kan nínú rẹ̀ padà wá sí ilé náà. Bí akápò bá gbá gbogbo rẹ̀ lọ sínú àpò gbogbogbòò lóṣù àkọ́kọ́, àwọn tó ń pa iná nírọ̀lẹ́ á rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ fi tún ilé ìyàgbẹ́ wọn ṣe, ẹ fi ra fáànù sí yàrá tí kò ní, kí wọ́n fi ojú wọn rí i.

Nọ́ńbà lẹ́nu ọ̀nà

Ẹ̀yin tó ń gbé ní England tàbí Wales á ti rí i lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé tàbí ọ́fíìsì káńsù: bébà kan tí lẹ́tà A sí G wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ ewé títí dé pupa. Láti ọdún 2008 ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ilé ńlá ìjọba tí aráàlú ń wọ̀, kó sọ bí ilé náà ṣe ń lo iná sí fún gbogbo ẹni tó bá ń wọlé.

A kò nílò òfin láti ṣe tiwa. Ẹ ra pátákó dúdú kan, kí ẹ kàn án mọ́ ògiri níbi tí àwọn tó wá gba ìwé ẹ̀rí ìbí ń dúró sí. Ẹ kọ yúnìtì oṣù tó kọjá sí i, ti oṣù kan náà lọ́dún tó kọjá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àti lítà dísù sísàlẹ̀. Kí ẹni tó ń ka mítà nìkan máa kọ ọ́, kó máa yí i padà ní ọjọ́ kìíní oṣù, kódà bí nọ́ńbà náà bá lọ sókè.